Káàdì Náà Kò Kú, Orúkọ Rẹ̀ Ló Sọnù

Ọ̀rọ̀ tòní kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìwádìí kankan. Mile 12 ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọjà, nínú yàrá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ, níbi tí òórùn tòmátì tó ti jẹrà ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn níbẹ̀ tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Ìyá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló ń ta ata, àlùbọ́sà àti iṣu nínú ọjà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti 2015, kò sẹ́ni tó ń fi bébà ṣe ìdánwò JAMB mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọ tí kò di máúùsì mú rí á lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ, aago á máa ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ lójú rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Ó lè mọ ìdáhùn, kó má mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ìdí nìyí tí Bọ̀ọ̀dá Tíṣà àti àwọn òbí fi dáwó jọ, tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́fà, àwọn Pentium 4 àtijọ́ tí Windows XP wà lórí wọn. Èrò wọn ni pé kí ìbéèrè wà lórí ọ̀kan, kí márùn-ún tó kù máa fi wáyà gbà á lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní gba dátà, kò ní gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ihò wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó wà lára àwọn ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, àwọn kan kò tilẹ̀ ní. Bọ̀ọ̀dá lọ sí Ìkẹjà, ó ṣa káàdì nẹ́tíwọ̀kì mẹ́fà láti inú òkìtì. Kò sí páálí, kò sí CD, kò sí ìwé kankan. Ẹnjiníà tó bá a tò wọ́n sínú ẹ̀rọ ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́ta ti kú nínú káàdì yín. Ẹ lọ ra òmíràn." Owó ti tán. Bọ̀ọ̀dá pè mí lórí fóònù: "Àbúrò mi, ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, jọ̀ọ́ wá bá mi wò ó."

Fisíìsì ni mò ń kà o, n kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ mo lọ. Ní ọjọ́ kejì a rí i pé nínú káàdì mẹ́ta tí wọ́n ní ó ti kú, ọ̀kan péré ló kú. Méjì wà láàyè dáadáa. Wọ́n kàn ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè wọ́n ni. Bí a ṣe mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi dá káàdì èyíkéyìí mọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Dráífà kì í ṣe dẹ́rẹ́bà dánfó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú kọ̀ǹpútà olóríi gogoro, bọ́ọ̀dù ńlá kan wà tí gbogbo nǹkan jókòó lé lórí, òun ni wọ́n ń pè ní motherboard. Lára bọ́ọ̀dù yìí ni àwọn ihò gbọọrọ wà, tí a ń ki káàdì bọ̀. Káàdì ni à ń fi kún agbára ẹ̀rọ: èyí fún ohùn, èyí fún àwòrán ojú ẹ̀rọ, èyí fún nẹ́tíwọ̀kì, èyí fún tẹlifóònù.

Ṣùgbọ́n Windows kò gbọ́ èdè káàdì, káàdì kò sì gbọ́ èdè Windows. Ẹ wo ọjà Mile 12. Ọkọ̀ ńlá máa ń kó tòmátì wá láti Òkè Ọya, láti Kano, láti Kaduna. Ẹni tó kó o wá ń sọ Hausa. Ìyá tó fẹ́ rà á wá láti Ìkòròdú, Yorùbá nìkan ló gbọ́. Ọjà dára, owó wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì láàrin wọn, wọn á kàn máa wo ara wọn ni. Dráífà ni ògbufọ̀ yẹn. Ètò kékeré kan ni, tó gbọ́ èdè Windows, tó sì gbọ́ èdè káàdì kan pàtó.

Ẹ fi ọkàn sí "kan pàtó" yẹn. Ògbufọ̀ tó gbọ́ Hausa kò wúlò tí oníṣòwò bá ń sọ Igbo. Kódà tí ẹ bá fipá mú un, ìsọkúsọ ló máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dráífà káàdì kan lè má ṣiṣẹ́ fún òmíràn, kódà kí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe méjèèjì.

Báwo ni káàdì ṣe ń pàdánù orúkọ?

Nígbà tí wọ́n ta káàdì yìí ní tuntun ní London tàbí ní Houston, inú páálí ló wà. Orúkọ wà lára páálí, dráífà wà nínú CD. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọ́fíìsì tó ni ín ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n kó ti àtijọ́ dànù. Páálí ti lọ, CD ti lọ. Ẹ̀rọ wọ inú àpótí ẹrù ńlá, ó gba orí òkun dé Apapa tàbí Tin Can, ó di tòkunbọ̀.

Ní 2005, àjọ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, Èkó gan-an ni wọ́n sì wá wò. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi àpótí ẹrù 500 tó kún fún kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù nígbà náà. Àwọn tó wà nídìí òwò náà sọ fún wọn pé nínú ẹrù kan, ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe kó mówó wọlé. Èyí tí kò bá ṣeé tà, ààtàn ló ń lọ, wọ́n sì máa ń dáná sun ún níbẹ̀.

Àwa tí à ń gbé Kòsọ́fẹ́ kò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé ààtàn fún wa. Olúsósùn wà ní Ọjọ́ta, a kì í jìnnà sí i. Nígbà tó gbiná ní 2018, gbogbo wa la gbóòórùn èéfín rẹ̀. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ chip mọ́ ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́, torí 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó ká òjé lọ́wọ́ kò nínú irú ẹ̀rọ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọ́n bá sun irú káàdì bẹ́ẹ̀, òjé kò ní parẹ́. Inú ilẹ̀, inú omi àti inú ara ènìyàn ló ń bá lọ, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù.

Torí náà, tí ẹnìkan bá sọ pé "káàdì yìí ti kú", ó yẹ kí á bi í pé: ṣé ó kú lóòótọ́ ni, àbí a kò mọ orúkọ rẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: wo ìrísí rẹ̀

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná kékeré tó wà lára yín lè kúrò, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Iná tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára yín lè pa chip.

Ẹ wo etí irin káàdì náà, ibi tó máa ń yọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ihò kan onígun mẹ́rin tó tóbi díẹ̀ ju ti tẹlifóònù lọ, nẹ́tíwọ̀kì nìyẹn. Ihò tẹlifóònù kékeré méjì, modem ni, irú èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi ń gba orí wáyà NITEL wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò róbótó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń gba etígbọ̀ọ́ àti gbohùngbohùn, káàdì ohùn ni. Ihò 15 tó tò ní ìlà mẹ́ta, káàdì àwòrán ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ihò tó ń wọ̀. Dúdú tó gùn ni ISA, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ara kọ̀ǹpútà IBM ti 1981. Funfun tó kúrú ju ìyẹn lọ ni PCI, tí Intel gbé jáde ní 1992. Èyí tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ pákó, tó dá dúró lọ́tọ̀, ni AGP, káàdì àwòrán nìkan ló wà fún. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ISA àti PCI ṣe pàtàkì gan-an: PCI lè sọ orúkọ ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ISA kò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n padà wá síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ka ohun tó wà lára chip

Ẹ wá chip tó tóbi jù lórí káàdì náà. Òun ni ọpọlọ rẹ̀. Ẹ fẹ́ eruku kúrò, ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín yà á, ẹ sún àwòrán náà súnmọ́. Ẹ ó rí àmì ilé-iṣẹ́, ẹ ó rí orúkọ chip, ẹ ó sì máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tó sábà máa ń dúró fún ọdún àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Tí ó bá jẹ́ 9947, ọ̀sẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta 1999 nìyẹn.

Ẹni tó ṣe chip àti ẹni tó ṣe káàdì lè yàtọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá lè ra chip kan náà, kí kálukú lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ó kọ orúkọ tirẹ̀ sára páálí. Nítorí náà, ẹ má dààmú tí ẹ kò bá rí orúkọ káàdì. Dráífà chip ni ẹ ń wá.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún ẹnjiníà wa. Gbogbo káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní àmì alákàn lára chip wọn. Alákàn ni àmì Realtek, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan. Chip wọn tó ń jẹ́ RTL8139 pọ̀ káàkiri bí ọ̀kadà, Windows XP sì mọ̀ ọ́n láti ilé. Mẹ́ta nínú káàdì wa jẹ́ 8139, Windows gbà wọ́n wọlé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹnjiníà rí alákàn lára mẹ́ta tó kù, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó fi tipátipá gbé dráífà 8139 lé wọn lórí. Windows ní ẹ̀rọ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kọ "Code 10". Ó gbìyànjú títí, ó wá parí èrò sí pé wọ́n ti kú.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán chip méjì nínú wọn. Kì í ṣe RTL8139 ló wà níbẹ̀. RTL8169SC ni. Ọ̀kan ń rán 100 megabit láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, èkejì ń rán 1000. Alákàn kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n èdè wọn kò dọ́gba. Windows XP jáde ní 2001, chip yìí dé lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni XP ṣe fẹ́ mọ ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí òun jáde?

Ìgbésẹ̀ kẹta: bi káàdì fúnra rẹ̀

Orúkọ ara chip lè parẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á tún lẹ irin ìtutù mọ́ ọn lórí, ẹ kò ní rí nǹkan kan kà. Níbí ni PCI ti dùn.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kí Windows tó jí, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ pe orúkọ bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó ń lọ láti ihò dé ihò, ó ń béèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Káàdì PCI kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Apá kìíní ìdáhùn náà ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe chip. Apá kejì ni nọ́ńbà chip náà gan-an. Ẹ lè pe àkọ́kọ́ ní orúkọ ìdílé, kí ẹ pe èkejì ní orúkọ àbísọ.

Nọ́ńbà mẹ́rin mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí a kì í dúró lórí 9. Lẹ́yìn 9 ni A, lẹ́yìn A ni B, títí dé F. Àmì 16 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ 16 di púpọ̀ nígbà mẹ́rin, 16 × 16 × 16 × 16, ẹ ó rí 65,536. Ìyẹn ni iye orúkọ ìdílé tó lè wà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì lè ní irú iye ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ díẹ̀: 10EC ni Realtek. 10DE ni Nvidia. 1002 ni ATI. 10B7 ni 3Com. 1274 ni Ensoniq, àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ káàdì ohùn. Intel mú 8086, ìyẹn orúkọ chip wọn tó jáde ní 1978, tó jẹ́ baba ńlá àwọn Pentium. Wọ́n fi orúkọ baba ńlá wọn ṣe orúkọ ìdílé, bíi tàwa náà.

Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ihò kan, FFFF ni ẹ̀rọ máa rí kà. Ìdí nìyí tí wọn kò fún ilé-iṣẹ́ kankan ní FFFF. Òun ni dídákẹ́ jẹ́ẹ́ ọmọ tí kò wá sí ilé-ìwé.

Báwo lẹ ṣe máa rí nọ́ńbà yìí? Lórí Windows XP, ẹ ṣí Device Manager. Ẹ ó rí i tí àmì ìbéèrè aláwọ̀ ìyeyè wà lára ohun tí kò ní dráífà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids. Ohun tí a rí lára káàdì Bọ̀ọ̀dá nìyí:

PCI\VEN_10EC&DEV_8167&SUBSYS_816710EC&REV_10

VEN ni ìdílé, DEV ni orúkọ àbísọ. SUBSYS sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ara chip sọ pé 8169SC, nọ́ńbà inú sọ pé 8167. Ṣé irọ́ ni ọ̀kan pa? Rárá o. Ilé-iṣẹ́ fún chip yẹn ní orúkọ ìta kan, wọ́n fún un ní nọ́ńbà ilé tó yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ara àti nọ́ńbà kò bá bára mu báyìí, nọ́ńbà ni kí ẹ tẹ̀lé, torí nọ́ńbà ni Windows ń wò.

Tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ Windows 98, tàbí tí Windows kò tilẹ̀ dìde, ẹ fi Linux kékeré kan tó ń ti orí CD ṣiṣẹ́ tan án, irú Puppy Linux. Kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà lórí hard disk yín. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ kọ lspci -nn. Gbogbo ọmọ ilé ló máa dáhùn lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Nọ́ńbà mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ káàdì: 0200 ni nẹ́tíwọ̀kì, 0401 ni ohùn, 0300 ni àwòrán. Kódà tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ káàdì yín láyé yìí, ẹ ó ṣì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Tó bá jẹ́ ISA ńkọ́?

ISA àtijọ́ kò ní ìdáhùn nínú. Ojú yín ni ẹ ó lò. Ẹ ka ara chip, ẹ ka ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú. Káàdì ohùn Creative, àwọn tó ṣe Sound Blaster, sábà máa ń ní CT àti nọ́ńbà mẹ́rin lára, bíi CT2940. Ti 3Com máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3C.

Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ FCC ID sí. FCC ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí rédíò àti ìbánisọ̀rọ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ wò kó má baà da rédíò àwọn ènìyàn láàmú. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára FCC ID àwọn káàdì àtijọ́ ló ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ. Ojú ewé FCC wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ẹ wo orúkọ tó máa jáde. Gbogbo káàdì kọ́ ló ní in, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní in ti gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú.

Káàdì ISA tún máa ń ní ike kékeré tí wọ́n ń ṣí nípò, jumper ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ àdírẹ́sì káàdì àti nọ́ńbà IRQ rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tó máa kàn tó bá fẹ́ pe ẹ̀rọ. Sound Blaster sábà máa ń dúró lórí àdírẹ́sì 220, IRQ 5, DMA 1. Káàdì méjì kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn kan náà. Torí náà, ẹ ya àwòrán jumper kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Wíwá dráífà láìfi ọwọ́ ara ẹni fa kòkòrò wọlé

Nígbà tí ẹ bá ti mọ nọ́ńbà, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àkójọ kan wà tó ń jẹ́ pci.ids, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló ń dá a kọ, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ẹ wá 10EC níbẹ̀, lẹ́yìn náà 8167 lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ á jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe chip fúnra rẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé, ẹ wo Internet Archive, ibi tí wọ́n ń tọ́jú CD dráífà àtijọ́ pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n tí ojú ewé kan bá ní kí ẹ gba ètò tó máa "wá gbogbo dráífà yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo", ẹ sá jàre. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá owó ni, àwọn kan tilẹ̀ ń kó kòkòrò wọlé. Ẹ má sì so Windows XP mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti wá nǹkan, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti 2014. Orí ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò, kí ẹ fi flash gbé e wá.

Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé rèé. Nínú dráífà Windows, fáìlì kan máa ń wà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .inf. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, Notepad lè ṣí i. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ Ctrl àti F, ẹ wá nọ́ńbà yín, bíi DEV_8167. Tí ó bá wà níbẹ̀, ògbufọ̀ yìí gbọ́ èdè káàdì yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fipá gbé e wọlé. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí ń gbà. Ká ní ẹnjiníà wa ṣe é ni, ilẹ̀ kò bá má ṣú mọ́ ọn lórí.

Ẹ tún wò ó pé dráífà náà wà fún Windows tí ẹ ń lò. Ti Windows 98 kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí XP.

Ọ̀kan kú lóòótọ́

Mo gba dráífà 8169 láti ojú ewé ilé-iṣẹ́ náà sórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Mo wá DEV_8167 nínú .inf rẹ̀, ó wà níbẹ̀. A fi flash gbé e wọ kọ̀ǹpútà méjèèjì. Àmì ìbéèrè pòórá, iná kékeré ẹ̀yìn káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń wo iná yẹn.

Ó wá ku ìkẹfà. A ki í bọ ihò kan, a kọ lspci, kò sí lára àwọn tó dáhùn. A ki í bọ ihò mìíràn, bákan náà ni. Mo fi rọ́bà ìpawérẹ́ àwọn ọmọ nu ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀, torí ìdọ̀tí lè dí iná lọ́nà. Síbẹ̀ kò dáhùn. A gbé e wọ ẹ̀rọ mìíràn, ó dákẹ́. A gbà pé èyí kú. Ó dáa náà, a mọ èyí tó kú, a sì mọ ìdí tí a fi sọ pé ó kú. Káàdì kan péré ni Bọ̀ọ̀dá padà lọ rà, kì í ṣe mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí òun ka ara chip kí òun tó sanwó. Èyí tó tún fún mi láyọ̀ ni pé ẹnjiníà wa wá ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n kọ nọ́ńbà ìdílé wọ̀nyẹn sí bébà fún òun. Ó ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ mẹ́fà jókòó lẹ́ẹ̀kan náà síwájú ẹ̀rọ mẹ́fà, àwọn yòókù dúró sẹ́yìn wọn ń dúró de ti wọn. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ata rodo gbé máúùsì sókè kúrò lórí tábìlì nígbà tó fẹ́ kí àmì ojú ẹ̀rọ lọ sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dáa kó ṣẹlẹ̀ níbí ju kó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí aago ti ń sáré.

Òun náà ló bi mí ní ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé irú nọ́ńbà yẹn wà lára flash yín náà?"

Ó wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ń wọ ihò USB ló ní nọ́ńbà méjì, ti ilé-iṣẹ́ àti ti ẹ̀rọ, Windows ń kọ wọ́n ní VID àti PID. Modem oníSIM tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, kámẹ́rà tí ẹ ò rí CD rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ní kí ẹ jù nù, gbogbo wọn ló ń dáhùn tí a bá pè wọ́n. Kí ẹ tó gbé wọn lọ sí Olúsósùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn.